Ọmọ Agbálẹ̀ Oórì

Wọ́n ní ọba kì í kú, ọba wàjà ni.
Èmi tí mo ń gbá oórì ọba ní Òkè-Ọsẹ̀,
mo mọ ibi tí àjà náà wà:
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà nísàlẹ̀,
lábẹ́ akòko, lẹ́yìn ògiri ààfin àtijọ́
tí òjò èṣí wó apá kan rẹ̀.

Ọba mọ́kànlá ló sùn síbẹ̀,
àti ọmọ ọba kan tí kò jẹ, Adégòrólú,
tí wọ́n ṣì ń jà lé lórí títí dòní
pé ta ló ní kí wọ́n sin ín sáàárín àwọn tó jẹ.
Èmi kì í dá sí i.
Ìgbálẹ̀ kì í bi ewé pé igi wo lo ti já.

Ìyá mi, Ọmọ́sùyì, ló fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́.
Ìran ẹmẹsẹ̀ ni wá. A kò ládé, a kò nílẹ̀,
àárọ̀ ọjọ́ ọjà nìkan la ní,
àti ọ̀nà tóóró tí ẹsẹ̀ wa là
láti ẹ̀yìnkùlé ààfin dé ìdí akòko.

Nígbà tí katapílà dé láti la títì Ìkọ̀lé,
ará Ṣáínà kan ló ń wọn ilẹ̀. Ọ̀gá Gúàn.
Ọ̀dọ̀ àwọn lébìrà ló ti kọ́ Yorùbá,
nítorí náà "ulé" ló ń pe ilé, bí àwa,
bí ẹni tí wọ́n bí sídìí àpáta wa.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé etí igbó,
ó bá mi lórí ìbẹ̀rẹ̀.
Ó wo àwọn òkìtì. Ó kà wọ́n wúyẹ́wúyẹ́.
Ó ṣí akoto orí rẹ̀.

"Ulé ọba?"
Mo ní rárá, ulé wọn ni ògiri yẹn. Ibùsùn wọn rèé.
Ó jókòó sórí gbòǹgbò,
ó ní agbálẹ̀ ni ìran tòun náà.
Ọmọ ọba kan wà láyé àtijọ́ nílùú wọn,
ààfin rẹ̀, àgbàlá nínú àgbàlá,
ilẹ̀kùn pupa tí wọ́n kan ìṣó aláwọ̀ wúrà mọ́.
Nígbà tó kú, wọ́n kó ìdílé mẹ́jọ lọ sẹ́bàá oórì rẹ̀:
ẹ máa ṣọ́ ọ, ẹ̀yin àtọmọdọ́mọ yín.
Lẹ́yìn náà adé ṣubú. Owó oṣù kò wá mọ́.
Àwọn ọmọ-ọmọ ọmọ ọba fúnra wọn ló ta igi ibẹ̀,
lẹ́yìn igi, bíríkì; lẹ́yìn bíríkì, olè òru.
Ààfin di ilé ìwé.
"Bàbá bàbá mi ń gbá a lọ," ó ní.
"Kò sígi, kò séwé. Ó ń gbá a."

Mo bi í: kí ló wá ń gbá?
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò dáhùn.

Lọ́dọọdún, ó ní, nígbà ìrúwé,
ọjọ́ kan wà tí oníkálukú ń lọ gbá oórì bàbá rẹ̀.
Ọdún mẹ́rin rèé tí òun kò lọ.
Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Mo na ìgbálẹ̀ sí i.

Ó gbá a bí àlejò, ó ń ti ewé síwájú.
Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yìn la ń rìn sí bí a ti ń gbá a,
kí ipa ẹsẹ̀ ẹni má baà kù sórí ibi tó mọ́.
Mo fi hàn án. Ó rìn sẹ́yìn, sẹ́yìn,
títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan òkìtì Adégòrólú.
Ó yíjú, ó tẹríba fún un lẹ́ẹ̀mẹta.
N kò rí ẹni tó tẹríba fún Adégòrólú rí.

N kò ní purọ́, títì náà ṣì ń bọ̀.
Ṣùgbọ́n èèkàn pupa tó ti wà nídìí akòko,
lọ́jọ́ kejì, ogún ìṣísẹ̀ sápá òsì ni mo ti bá a.
Ọ̀gá tirẹ̀ l'Ábújá lè ní kó dá a padà.
Ọjọ́ ọjà lọ̀la.
Mo ti di ìgbálẹ̀ tuntun méjì.